Omi Ni Ojúde Èkó

Ẹni tí ó bá gba Ọ̀jọ́ta wọ Èkó, tí ó jókòó sínú ọkọ̀ láàrin àwọn ọkọ̀ tí ń fi fèrè bú ara wọn, tí òógùn bò ó kí ó tó rékọjá afárá, tí ó bọ́ sílẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà láti ra ọjà tí ó bá wá, tí ó sì tètè wá ọ̀nà ilé kí ilẹ̀ tó ṣú, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé òun ti dé Èkó, kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni ó gbà wọlé, ẹ̀yìnkùlé náà ni ó sì gbà jáde, kò rí onílé, onílé kò sì rí i. Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, ìlú arọ́misá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, kò kọjú sí ilẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti tẹ̀ ẹ́ dó. Ọ̀sà ni ó kọjú sí ní ìhà kan, òkun ni ó kọjú sí ní ìhà kejì, ohun gbogbo tí ó sì sọ ọ́ di ohun tí ó jẹ́ lónìí, àti ire àti ibi, orí omi ni ó gbà dé. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò àtiwá wo ìlú yìí, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ń gbé inú rẹ̀ láti ogún ọdún ṣùgbọ́n tí ẹ kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi rí, pé kí ẹ jẹ́ kí a gba ojúde wọlé. Òótọ́ ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n àlejò tí ó bá fẹ́ mọ onílé, iwájú ilé ni í ti í kàgò.

Ìtàn tí àwọn Àwórì ń sọ nípa orírun wọn ti tó láti fi ọ̀rọ̀ yìí hàn. Wọ́n ní nígbà tí Olófin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí, àwo ni wọ́n gbé lé ojú omi, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e bí ó ti ń léfòó lọ, nítorí a ti sọ fún wọn pé ibi tí àwo náà bá rì sí ni kí wọ́n dúró. Àwo yìí dúró díẹ̀ níhìn-ín, ó dúró díẹ̀ lọ́hùn-ún, ó pẹ́ ní Ìṣẹ̀rì tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi jókòó síbẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé Ìddó ni ó rì, tí wọ́n sì kígbe pé àwo ti rì, láti inú igbe náà ni orúkọ wọn sì ti jáde. Ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá tẹ̀ lé ipasẹ̀ ọdẹ, òmíràn sá sí abẹ́ àpáta nígbà ogun, òmíràn dúró ní ibi tí ẹṣin ọmọ ọba ti yọ̀ ṣubú. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n tẹ̀ lé àwo lójú omi. Láti Ìddó ni wọ́n ti rékọjá sí erékùṣù tí a mọ̀ sí Ìsàlẹ̀ Èkó lónìí, níbi tí Arómirẹ ti gbin ata sí. Àwọn ará Ìbíní dé lẹ́yìn wọn, àwọn ni a sì gbọ́ pé wọ́n fún ibẹ̀ ní orúkọ náà Èkó, èyí tí í ṣe àgọ́ ogun ní èdè wọn. Àwọn Potogí náà dé tiwọn, wọ́n rí ọ̀sà tí ó tẹ́ rẹrẹ, wọ́n sì fi orúkọ ọ̀sà pe ìlú.

Èbúté tí mo fẹ́ràn jù láti bẹ̀rẹ̀ ni Ìpàkodò ní Ìkòròdú. Ẹ dé ibẹ̀ ní ìdájí, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn oníṣòwò ń to ara wọn láti wọ ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí erékùṣù, nítorí òwúrọ̀ ni ojú ọ̀sà máa ń tẹ́ bí awo dígí. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n ni afẹ́fẹ́ máa ń dìde láti ìhà òkun, tí ìgbì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ẹ gba ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀, kí ẹ wọ̀ ọ́, kí ẹ sì so ó dáadáa, kì í ṣe kí ẹ gbé e lé itan. Omi kì í mọ ẹni tí ó gbọ́n jù. Bí ọkọ̀ bá ti ṣí, ẹ ó rí àwọn apẹja tí wọ́n ti dìde láti òru, tí ọ̀kan ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ ní ìdí, tí èkejì dúró ní orí ọkọ̀ tí ó fọ́n àwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ bí ìgbà tí ìyá bá ń tẹ́ aṣọ fún ọmọ. Ẹ ó rí àwọn tí ń wa yanrìn, tí wọ́n ń rì wọ inú omi pẹ̀lú garawa tí wọ́n sì ń gbé e jáde, tí wọ́n fi ìgbòkun tí a rán láti ara àpò àti àkísà ta ọkọ̀ wọn padà sí èbúté. Ẹ ó sì rí ojú oró tí ó lékè omi bí ó ti máa ń lékè nínú àdúrà àwọn bàbá wa. Ní apá ọ̀tún, kí ẹ tó dé abẹ́ afárá Third Mainland, èéfín yóò rú sójú ọ̀run láti Mákòkó, níbi tí àwọn Ègùn kọ́ ilé wọn sí orí òpó igi láàrin omi, tí àwọn ìyá ń yan ẹja, tí ọmọ ọdún mẹ́fà sì ń tu ọkọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn kan máa ń wo ibẹ̀ láti orí afárá, wọn a sì mi orí. Ẹni tí ó bá gba ojú omi kọjá yóò rí ohun tí ẹni orí afárá kò rí: pé ìlú ni, pé ó ní ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì àti baálẹ̀, àti pé ẹja gbígbẹ tí ń bẹ nínú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ nílé lè jẹ́ ti ibẹ̀.

Èbúté Ẹ̀rọ ni kí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ yóò ti gbé yín wọ Ìsàlẹ̀ Èkó láìpẹ́. Ìga Ìdúngànràn, ààfin ọba Èkó, wà níbẹ̀ ní orí ilẹ̀ tí ó ti jẹ́ oko ata Arómirẹ, ìran Arómirẹ sì wà lára àwọn ìjòyè Ìdéjọ, àwọn onífìlà funfun tí wọ́n ni ilẹ̀ títí di òní. Agboolé yìí rí ohun tí ojú ń rí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ inú ọ̀sà, wọ́n rọ̀jò ọta ìbọn lé ìlú lórí títí tí Ọba Kòsọ́kọ́ fi kó àwọn ènìyàn rẹ̀ sá lọ, tí Akíntóyè sì padà sí orí ìtẹ́. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Dòsùnmú ọmọ Akíntóyè fọwọ́ sí ìwé tí ó fi ìlú lé Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun tí ó dúró sí èbúté tí ẹnu ìbọn rẹ̀ kọjú sí ilé. Àwọn àdúgbò tí ó yí ibẹ̀ ká ń sọ ìtàn tiwọn fún ẹni tí ó bá ní etí: Olówógbowó, níbi tí àwọn Sàró tí wọ́n padà láti Sàlọ́ọ̀nù ti kọ́lé sí, Ọbaléndé, tí àwọn tí a ṣí kúrò ní ibi tí wọ́n ń gbé kí ìjọba lè lo ilẹ̀ wọn fi ẹjọ́ wọn sílẹ̀ sínú orúkọ rẹ̀, pé ọba ni ó lé àwọn débẹ̀.

Bí orí bá ṣe yín ní rere, tí ẹ bá Adámú Òrìṣà, ọdún Èyọ̀, pàdé, ẹ ó rí ohun tí kò sí níbòmíràn ní ayé. Èyọ̀ kì í jáde lọ́dọọdún bí ọdún iṣu. Ìgbà tí ọba tàbí ènìyàn ńlá bá wàjà tí a fẹ́ sin ín lọ́nà ẹ̀yẹ, tàbí ìgbà tí ìlú bá ní ohun pàtàkì láti fi yọ̀, ni a ń kéde rẹ̀, èyí tí àwọn òpìtàn sì máa ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ti 1854, tí a fi ṣe ẹ̀yẹ fún Ọba Akíntóyè. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú, àwọn Èyọ̀ àgbà yóò ti máa fi ara hàn láti fi kéde ọdún, Adímú aláàkẹtẹ̀ dúdú sì ni olórí gbogbo wọn. Ní Sátidé ọjọ́ ọdún, gbogbo òpópónà yóò funfun báláú: agbádá funfun tí ń wọ́ ilẹ̀, ìbòjú funfun, àkẹtẹ̀ aláràbarà lórí, ọ̀pámbàtà lọ́wọ́. Ẹ má wọ bàtà, ẹ má mu sìgá, ẹ má gun kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù, obìnrin tí ó bá di sùúkù sí orí kí ó tú u kí ó tó jáde, nítorí ọ̀pámbàtà kì í bi ènìyàn ní ìlú tí ó ti wá kí ó tó bà á léjìká. Mo ti gbọ́ tí àwọn àlejò ń ráhùn lórí àwọn èèwọ̀ wọ̀nyí. Èèwọ̀ ìlú ni ọlá ìlú. Ẹni tí kò bá lè bọ́ bàtà fún ọjọ́ kan, kí ó dúró sílé.

Nísinsìnyí ni mo dé ibi tí ọkàn mi wà. Láti Ìsàlẹ̀ Èkó, bí ẹ bá rìn lọ sí ìhà Campos, ẹ ó wọ Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú ní Bùràsíìlì padà wá sílé. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀. Àwọn ènìyàn tí a mú lójú ogun, tí a tà, tí a kó sínú ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bí ẹrù, tí wọ́n gé ìrèké ní oko Bàyíà tàbí tí wọ́n kiri ọjà fún olówó wọn títí tí wọ́n fi ra ara wọn padà, àwọn kan nínú wọn kó owó kékeré tí ó kù jọ, wọ́n san owó ọkọ̀, wọ́n sì gba ojú òkun kan náà padà. Wọn kò padà lọ́wọ́ òfo. Wọ́n mú iṣẹ́ ọwọ́ wá: bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀, àwọn ni wọ́n sì kọ́ èyí tí ó lẹ́wà jù nínú àwọn ilé tí Èkó ní ní ìgbà náà, ilé alájà kan tí ojú fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí a fi sìmẹ́ǹtì ya òdòdó sí ara òpó àti ògiri rẹ̀, tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ òkun fi ń gba iwájú wọlé tí ó sì ń gba ẹ̀yìn jáde.

Ní òpópónà Kakawa, ẹ béèrè Ilé Olómi. João Esan da Rocha, ọmọ Iléṣà tí a kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì ní kékeré, ni ó padà wá kọ́ ọ, kànga tí a gbẹ́ sínú rẹ̀ sì di ibi tí àwọn ará Èkó ti ń ra omi mímu ní àkókò tí omi tí ó yí wọn ká, bí ó ti pọ̀ tó, kò ṣeé mu. Ìtàn ilé yìí jìn tó bẹ́ẹ̀ tí òǹkọ̀wé ará Bùràsíìlì nì, Antonio Olinto, fi gbé ìwé ìtàn-àròsọ kan lé e lórí, tí ó sì fi orúkọ ilé náà pe ìwé. Ní òpópónà Martins, ẹ ó rí Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, èyí tí a ṣí ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún 1894. Ẹ wo bí omi ti da ènìyàn pọ̀: Mohammed Shitta tí ó fi owó rẹ̀ kọ́ ọ, Sàlọ́ọ̀nù ni wọ́n bí i sí, Mùsùlùmí ni, João Baptista da Costa tí ó jẹ́ ọ̀gá àwọn kọ́lékọ́lé, Àgùdà ni, ẹni tí ó sì wá ṣojú ọba àwọn Tọ́kì níbi ayẹyẹ náà, Abdullah Quilliam, Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba Ìsìláàmù ni, òun ni ó sì mú oyè Bey wá fún Shitta. Bí mo bá dúró níwájú mọ́ṣáláṣí náà tí mo wo àwọn òdòdó sìmẹ́ǹtì ara rẹ̀, tí wọ́n jọ ti ara ṣọ́ọ̀ṣì Bàyíà bí ọmọ ìyá méjì, inú mi a máa dùn ju bí mo ti lè sọ lọ.

Bí ó bá jẹ́ àkókò Àjíǹde tàbí Kérésìmesì ni ẹ wá, ẹ ó bá àwọn ọmọ àdúgbò lójú pópó nínú aṣọ aláràbarà wọn, tí wọ́n ń jó karẹ́tà pẹ̀lú fèrè àti ìlù, tí àdúgbò kan ń fi aṣọ bá èkejì díje. Ní Ọjọ́ Ẹtì Rere, ilé tí ẹ bá yà sí ni wọn yóò ti bu frejon fún yín: ẹ̀wà tí a sè títí tí ó fi rà, tí a gún tàbí lọ̀ kúnná, tí a fi omi àgbọn àti ṣúgà sè padà, tí a ń fi ẹja dídín àti ata jẹ, tí àwọn mìíràn ń wọ́n gàrí sí. Ẹnu ìlú òkè lè kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, nítorí a kò mọ ẹ̀wà mọ́ adùn. Ẹ mú sùúrù dé ṣíbí kẹta.

Ṣùgbọ́n mo ní láti sọ èyí tí ó dùn mí pẹ̀lú. Ní ojú Tinúbú, ní ibi tí a fi orúkọ Ẹfúnróyè Tinúbú, ìyá ńlá oníṣòwò nì, pè, ilé Àgùdà kan wà tí a ń pè ní Ìlọ́jọ̀, tí ó ti dúró láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí ìjọba sì ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Ní 2016, wọ́n wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ kan. Àwọn àgbà ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Èyí kò jó, a wó o ni, ẹwà kankan kò sì bù sí i. Nítorí náà ẹ má ṣe fi ọdún tí ń bọ̀ dá Pópó Àgùdà. Ilé tí mo júwe fún ọ̀rẹ́ kan ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí ó débẹ̀, ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni ó bá.

Ìrìn láti ibẹ̀ lọ sí Marina àti Ọ̀nìkan kò gùn. Ní Marina, ẹ wọ inú Kàtídírà Ìjọ Kristi, tí ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tí ó wá jẹ Edward Kẹjọ fi òkúta ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1925, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì parí ní 1946; òkúta ìrántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther wà nínú rẹ̀, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821. Ní Broad Street, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní 1882, tí Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti wà nínú rẹ̀ rí, ti di ọgbà ìgbafẹ́ tí a ń pè ní Freedom Park láti 2010. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn ti di orí ìtàgé, àwọn yàrá ẹlẹ́wọ̀n sì ti di ìsọ̀ tí a ti ń ta oúnjẹ àti iṣẹ́ ọnà. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ọ̀nìkan, tí a ṣí ní 1957 nípasẹ̀ ìlàkàkà Kenneth Murray, ní iṣẹ́ Nok àti ti Ifẹ̀ àti ti Ìbíní, ó sì ní ọkọ̀ dúdú tí wọ́n yìnbọn pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sínú rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1976, tí ihò ọta ṣì wà lára rẹ̀. Ọmọdé tí ń ṣeré láti yàrá kan dé èkejì, bí ó bá dé ìdí ọkọ̀ yìí, a dákẹ́. Ní òdìkejì ọ̀nà ni Gbọ̀ngàn John Randle fún àṣà àti ìtàn Yorùbá wà, pẹ̀lú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí Dókítà Randle fi owó ara rẹ̀ kọ́, tí a ṣí ní 1928, nítorí àwọn ọmọ Èkó tí ń kú sómi kò jẹ́ kí ó sùn, ìjọba amúnisìn sì ti kọ̀ láti gbẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ìlú tí omi yí ká fi rí ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìwẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń wá sí Èkó, etí òkun ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Àwọn àgbà yóò sọ fún yín nípa Bar Beach ní Victoria Island, níbi tí àwọn Aládùúrà ti ń fi aṣọ funfun kúnlẹ̀ sí ẹnu ìgbì ní òru, tí àwọn ẹlẹ́ṣin sì ń gbé ọmọdé gun ẹṣin ní ọ̀sán. Kò sí mọ́ bí ó ti wà. Ìdí rẹ̀ kò ṣẹ̀yìn ìgbìyànjú ènìyàn. Ní àtijọ́, iyanrìn tí ó gorí ara ní ẹnu ọ̀nà ọ̀sà kì í jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá wọlé, òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní bar tí a fi pe etí òkun náà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta ńláńlá wọ inú òkun ní 1908 láti la ọ̀nà fún ọkọ̀, àwọn òkúta náà dí iyanrìn tí omi máa ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Iyanrìn ń pọ̀ sí i ní ìhà kan, òkun sì ń jẹ ilẹ̀ ní ìhà kejì lọ́dọọdún, títí tí ó fi ń ya wọ ojú títì, tí a sì wá fi odi òkúta gígùn dá a dúró, tí a kó iyanrìn dí ojú òkun, tí a ń kọ́ ìlú tuntun tí a ń pè ní Eko Atlantic sí orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àǹfààní kan ti inú òkúta wọ̀nyí jáde, òun náà ni Tarkwa Bay, etíkun kékeré tí ó sá sí ẹ̀yìn wọn, tí omi rẹ̀ rọlẹ̀ tí ọmọdé lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ó ń débẹ̀, láti èbúté CMS tàbí láti Victoria Island, ẹ ó sì bá àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ tí wọ́n ń gun ìgbì lórí pákó bí ẹni gun ẹṣin. Ní etíkun yòókù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ìgbì, ẹ jẹ àgbọn, ẹ jẹ́ kí omi fọ ẹsẹ̀ yín, kí ẹ má sì wọlé. Òkun wa ní ọwọ́ lábẹ́ tí í fi í fa ènìyàn.

Ní ọ̀nà Lẹ́kí, mo ní ibi méjì láti júwe kí a tó kọjá. Igbó tí àwọn olùdáàbòbò ẹ̀dá dá sí láti 1990, tí ó tó hẹ́kítà méjìdínlọ́gọ́rin, ní afárá okùn kan tí ó gùn ní mítà 401 tí a so sí òkè orí igi, ẹni tí ẹ̀rù kò bá bà yóò rí ọ̀bọ tí yóò máa wò ó láti ìsàlẹ̀. Gbọ̀ngàn iṣẹ́ ọnà ti Ìyáàfin Nike Okundaye náà kò jìnnà, ilé alájà púpọ̀ tí ó kún fún àwòrán àti àdìrẹ, a kì í sì í gba owó ìwọlé. Láti ibẹ̀ ẹ máa lọ sí Èpé, níbi tí Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá sí lẹ́yìn ogun 1851, tí àwọn ọmọ wọn tí a ń pè ní Èkó Èpé sì ń ṣe ọdún Káyòkáyò lẹ́yìn Iléyá títí di òní. Ọjà ẹja Olúwo ní Èpé ni kí ẹ gbé agbọ̀n dání lọ. Ọ̀bọ̀kún wà, epìyà wà, edé wà, akàn ń rìn nínú abọ́, àwọn ìyá tí ń ta á yóò sì máa kí yín títí tí ẹ kò fi ní rántí pé ọjà ni ẹ wá ná.

Àgbádárìgì ni mo fi sí ìkẹyìn, nítorí ẹni tí ó bá kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ lè má ní ọkàn láti wo ibòmíràn mọ́. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ni, kí a tó kan ààlà orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin. Ọ̀nà ilẹ̀ rẹ̀ ti ń da àwọn arìnrìn-àjò láàmú láti ọdún pípẹ́, ṣùgbọ́n ojú omi tí ó tọ ẹ̀gbẹ́ òkun lọ láti Èkó ṣì wà bí ó ti wà láti àtètèkọ́ṣe, pẹ̀lú igi àgbọn ní apá òsì àti ọ̀pá ẹja ní apá ọ̀tún. Àwọn Ègùn ni onílé. Bí ẹ bá sùn níbẹ̀, ẹ lè gbọ́ ohùn Zangbeto ní òru, eégún aláṣọ ìko tí ń ṣọ́ ìlú lójú olè. Ní ojú omi ìlú náà ni ilé alájà tí a kọ́kọ́ kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí wà, tí àwọn oníwàásù ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS parí ní 1845. Ọdún náà gan-an ni Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, kí ó tó kọjá lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846, níbi tí ó ti tún rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Wọn yóò fi ibi tí igi Àgíà ti dúró rí hàn yín, igi tí a wàásù ìyìn rere lábẹ́ rẹ̀ ní 1842, tí ó sì wó ní 1959.

Lẹ́yìn náà wọn yóò mú yín lọ sí ilé tí a ń kó ẹrú sí. Ẹni tí ó ni ín ni Sẹ́ríkí Faremi Williams Abass, ọmọ ilẹ̀ Yewa tí àwọn Dàhòmì kó lẹ́rú ní kékeré, tí a tà á títí dé Bùràsíìlì, tí ó kọ́ èdè àwọn aláwọ̀ funfun níbẹ̀, tí ó sì padà wá di ẹni tí ń ta ènìyàn. Yàrá ogójì ni ó ní. Àwọn tí ń mú àlejò kiri sọ pé ogójì ènìyàn ni wọ́n ń há mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ wọ inú ọ̀kan, kí ẹ na ọwọ́ yín méjèèjì. Ní ilé àwọn Mobee, ẹ ó rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti irin tí a fi ń ti ẹnu ènìyàn pa, wọn yóò sì jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ gbé e, kí ẹ lè mọ bí ó ti wúwo. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Mo ti ka ìwé nípa òwò ẹrú láti ìgbà èwe mi, n kò mọ̀ pé irin tí a ṣe fún ọrùn ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà títí mo fi débẹ̀.

Láti Àgbádárìgì, ọkọ̀ ni yóò gbé yín rékọjá ọ̀sà sí erékùṣù Gberefu. Owó kan ni atukọ̀ ń gbà ní èbúté, ti àlọ àti ti àbọ̀ papọ̀. Ní òdìkejì, ẹ ó fi ẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn láàrin igi àgbọn, ní ọ̀nà tí àwọn ẹrú gbà kọjá ní tòtòtò pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lọ́rùn, ẹ ó sì kan kànga kan tí àwọn ará ibẹ̀ sọ pé wọ́n ń fún wọn ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Èyí tí ó ṣẹ́ ku lára ìrìn náà, oòrùn yóò máa ta, iyanrìn yóò máa wọ bàtà, ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ òkun kí ẹ tó rí i. Òpó méjì tí ó tẹ̀ sí ara wọn dúró níbẹ̀, tí ìgbì ń wó lulẹ̀ níwájú wọn, kò sì sí ohun mìíràn mọ́ títí dé Bùràsíìlì.

Mo dúró níbẹ̀ títí tí òjìji òpó náà fi gùn. Mo rántí Esan ọmọ Iléṣà, mo rántí kànga rẹ̀ ní Kakawa, mo sì gbìyànjú láti ka iye àwọn tí kò rí owó ọkọ̀ àbọ̀ san, n kò lè kà á. Nígbà tí mo padà dé èbúté, ọmọkùnrin tí ó tu ọkọ̀ wa jókòó sí ẹ̀bá omi, ó ń jẹ àgbọn. Ó dìde, ó na ọwọ́ sí mi kí n má bàá yọ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ti ṣe tán? Ṣé kí a máa padà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wọ ọkọ̀, ó fi ọ̀pá ti ilẹ̀, a sì padà.